Bí ẹ ṣe lè bọ Shani nílé lọ́jọ́ Sátidé láìfa wàhálà sọ́rùn ara yín

Ẹ má lọ ra ère Shani, òrìṣà àwọn Híńdù tó ni ọjọ́ Sátidé, wá sílé o, ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í, wọ́n á rí ère dúdú kan tó gun ẹyẹ kannakánná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wù wọ́n, kí ẹ tó mọ̀ wọ́n ti sanwó. Àwọn Híńdù fúnra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í gbé ère tàbí fọ́tò Shani sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà nílé, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ìtàn wọn ni pé ó jókòó ti àdúrà lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ wá bá a, kò tiẹ̀ gbójú sókè, inú bá bí ìyàwó, ó fi í gégùn-ún pé ohunkóhun tó bá ti fojú kàn á bàjẹ́. Wọ́n ní bí orí Ganesha, òrìṣà wọn tó ní orí erin, ṣe já nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Shani ò kúkú fẹ́ wo ọmọ náà o, ìyá ọmọ ló ní dandan àfi kó wò ó. Torí náà tí ẹ bá tiẹ̀ dé tẹ́ńpìlì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lẹ máa dúró sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ máa wò.

Shani yìí ni pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án ojú ọ̀run tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń pè ní Navagraha. Surya, ìyẹn oòrùn, ni bàbá rẹ̀, Chhaya tó jẹ́ òjìji ni ìyá, òun àti bàbá ò sì rẹ́ rárá. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bí ọdún 29 àtààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà tó bá wọ ọ̀kan nínú ilé ìràwọ̀ 12 tí wọ́n pín ojú ọ̀run sí, bí ọdún 2 àtààbọ̀ ni kó tó jáde. Ibi tí òṣùpá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín ni wọ́n máa ń wò: tí Shani bá ti wọ ilé tó ṣáájú ti òṣùpá yín, tó tún wọ ti òṣùpá gan-an, tó tún wọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó di ọdún 7 àtààbọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Sade Sati, òun náà ló ń lé àwọn èèyàn sáré wá síbi àdúrà yìí.

Tí kò bá wá sí ère, ta lẹ máa dojú kọ? Fọ́tò Hanuman, òrìṣà wọn tó rí bí ọ̀bọ, ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń lò lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní Ravana, ọba Lanka inú ìtàn wọn, ti Shani mọ́lé níbẹ̀, Hanuman ló tú u sílẹ̀, Shani wá ṣèlérí pé òun ò ní yọ ẹni tó bá ń bọ Hanuman lẹ́nu. Ẹ lè kàn tan iná sílẹ̀ kẹ́ ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn náà, apá ibẹ̀ ni tirẹ̀.

Láàárọ̀ ẹ wẹ̀, ẹ wọ dúdú tàbí búlúù tó ṣú, ẹ gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iná náà, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni. Ní àríwá Íńdíà, òróró mọ́sítáádì ni wọ́n ń bù sínú fìtílà amọ̀ tàbí ti irin, àwọn Tamil ní gúúsù a máa lo òróró yànmọtí, tiwọn yìí ló sì wù mí jù. Ẹ gé aṣọ dúdú kékeré kan, ẹ da yànmọtí dúdú bíi ṣíbí tíì kan sí i láàárín, ẹ kó etí aṣọ jọ, ẹ fi òwú dì í bí ìgbà tí wọ́n di oǹdè, kẹ́ ẹ fi ìrù aṣọ náà sílẹ̀ sókè torí òun lẹ máa ṣáná sí. Ẹ jẹ́ kó mu òróró dáadáa kẹ́ ẹ tó tàn án, tó bá gbẹ, aṣọ á kàn jó tán ni, iná á kú. Yànmọtí máa ń ta nínú iná, ẹ gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì ṣí fèrèsé jàre torí èéfín.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa pè ni Om Sham Shanaishcharaya Namah, ìgbà 108. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn ní ẹyọ 108 pẹ̀lú ẹyọ ńlá kan lórí, tẹ́ ẹ bá dé ibi ẹyọ ńlá yẹn ẹ má fò ó kọjá, ẹ yí padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ po ìrẹsì pẹ̀lú yànmọtí dúdú, ẹ gbé díẹ̀ sórí ògiri ìta fún kannakánná, ẹyẹ rẹ̀ ni.

Sàráà ló ku, èmi ò sì rò pé iná ṣe pàtàkì tó sàráà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú, bàtà, agboòrùn, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n ń pè ní urad, òróró, gbogbo ẹ̀ fún aláìní, arúgbó, aláàbọ̀ ara, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Èyí tí wọ́n ń pè ní chhaya daan, ẹ máa da òróró mọ́sítáádì sínú abọ́ irin, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú ara yín nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi rí i, ẹ wá gbé abọ́ tòun tòróró fún ẹlòmíì, kò gbọ́dọ̀ padà wálé. Shani yìí, adájọ́ ni wọ́n pè é, òun ló ni òṣìṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó jẹ owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá ń dáná òróró ní Sátidé, ta ló ń tàn?

Ẹ má ra irin tàbí òróró lọ́jọ́ Sátidé, Fúráídé ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ má lo abọ́ kọ́pà, ti oòrùn nìyẹn, ẹ ò sì ní fi abọ́ bàbá bọ ọmọ tí kò bá a rẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn pé irin, aṣọ dúdú, àbí Ògún lèyí? Rárá o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Tí ẹnì kan bá sì ní àfi kẹ́ ẹ ra sàfáyà búlúù, òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ní ti Shani ni, ẹ rọra, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ gan-an máa ń kìlọ̀ pé kì í bá gbogbo èèyàn lára mu.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ rí i lójúkojú, ó wà ní ìlú Shani Shingnapur ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, òkúta dúdú kan lórí pèpéle ní gbangba, kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ ìlú débi pé ọ̀pọ̀ ilé wọn ò ní ilẹ̀kùn, kódà nígbà tí báǹkì UCO ṣí ẹ̀ka síbẹ̀ ní 2011, wọn ò fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Oṣù kẹrin 2016 ni wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin gun pèpéle náà. Àmọ́ tilé ò nílò ìrìn àjò, Sátidé èyíkéyìí lẹ lè bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ọjọ́ tó lágbára jù, ẹ dúró de Shani Jayanti, ìyẹn ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí òṣùpá ò yọ, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà.