Láti bárékè sí kíláàsì: bí ológun tó fẹ̀yìntì ṣe lè di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ẹ̀sìn ní agbègbè Òṣogbo

Ọjọ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù kankan. Òfin ọdún 2012 gba ọ̀jọ̀gbọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba títí yóò fi pé ẹni 70 ọdún. Olùkọ́ tí kò tíì dé ipò náà, 65 ni tirẹ̀. Lecturer II ni wọ́n sábà máa ń gba ẹni tó ní Ph.D. sí, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló sì wà láti ibẹ̀: Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún 12 nìyẹn, bí nǹkan kan ò bá fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó gba Ph.D. ní ẹni 50 lè di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 62. Àmọ́ ẹni tó dúró kí ọdún 35 pé lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó jáde ní ẹni 55, tó fi ọdún méjì ṣe másítà, tó tún fi mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe Ph.D., yóò ti di ẹni 61 tàbí 62 kó tó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó ṣòro kí yunifásítì gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ gbére. Kọ́ńtírákítì ọdún kan tàbí méjì, tàbí kó máa wá kọ́ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni yóò rí. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín pé àkàbà ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ wà.

Nítorí náà, nígbà tí aṣọ ológun ṣì wà lọ́rùn yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ másítà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1975, lọ kàwé ní Yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba Ph.D. nínú ìmọ̀ ìṣèlú, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Jọ́ọ̀sì. Ẹni 40 ọdún ni nígbà tí ipò bọ́. Ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ló kàn. Dígírì NDA, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, tí ẹ gbà ní Kàdúná dígírì gidi ni, ẹ lè fi wọlé. Psc, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ti Jàjí, kò rọ́pò másítà, bó ti wù kó nira tó. Bí dígírì àkọ́kọ́ yín bá jẹ́ ti ẹ̀rọ tàbí ti ìṣirò, ẹ ó nílò PGD, ìyẹn dípúlómà lẹ́yìn dígírì, nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kí ẹ tó kan másítà. Ẹ fi ọdún kan kún ìṣirò òkè yẹn. NYSC ò gbọdọ̀ dà yín láàmú: òfin rẹ̀ yọ ẹni tó ti sin iṣẹ́ ológun ju oṣù mẹ́sàn-án lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé exemption náà, nítorí wọn yóò bèèrè rẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì, nínú ìwé ẹ̀rí WAEC àti nínú àfídáfíìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó dín ọjọ́ orí kù kó lè wọṣẹ́ ológun nígbà náà, ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ yóò bi í ní ìbéèrè tí kò ní rọrùn láti dáhùn.

Láti Òṣogbo, Ifẹ̀ kò jìnnà fún ẹni tó fẹ́ máa lọ máa bọ̀. Ẹ̀ka Religious Studies wà ní OAU, yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka Religious Studies, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù ní ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa Mùsùlùmí, tí kò sì lè ka Lárúbáwá, kó tètè lọ bá àáfà kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn àáfà àtijọ́ kò ní ìtumọ̀ kankan. Ìlọrin náà wà. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ní ẹ̀ka ẹ̀sìn o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Àkọlé iṣẹ́ ìwádìí ni ológun ti ní àǹfààní ju ẹnikẹ́ni lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń sọ ọ́ nù. Púpọ̀ nínú wọn máa ń mú "ipa ẹ̀sìn nínú àlàáfíà Nàìjíríà", àkọlé tó fẹ̀ tó orílẹ̀-èdè, tí kò sì ní ìsàlẹ̀. Ẹ mú ohun tó wà nítòsí. Ní nǹkan bí 1840, ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, àwọn òpìtàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ogun jìháàdì àwọn Fúlàní ti dáwọ́ dúró, tí kò fi sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù. Ológun nìkan ló lè dúró létí ilẹ̀ yẹn kó bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹṣin lè ṣe nínú igbó? Omi wo ni wọ́n ń mu? Ọ̀nà wo ni oúnjẹ ń gbà wọlé? Eṣinṣin tó ń pa ẹṣin ńkọ́? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbí ìgbà òjò? Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè ẹ̀sìn tó dùn jù wá yọ: báwo ni ìlú tó borí ogun Ìlọrin ṣe wá di ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí tó báyìí? Ogun kọ́ ló gbé ẹ̀sìn yẹn wọlé. Ta ni? Oníṣòwò? Àáfà? Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ibòmíràn? Àkọlé Ph.D. nìyẹn.

Fún irú iṣẹ́ yìí, ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì, ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ẹ bèèrè fáìlì Oshun Div fún ìjọba amúnisìn, àti CMS(Y) fún àwọn míṣọ́nnárì. Lẹ́tà láti ẹ̀ka yín, páálí àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù lẹ ó mú lọ. Fáìlì ìhà Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Kàdúná ni wọ́n wà. Ẹni tó ka ti Ìbàdàn nìkan, ẹnu ẹni tó borí ló gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson ńkọ́? Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé pásítọ̀ ni, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọ nù, àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921.

Ẹ̀rí ẹnu ni ó gba sùúrù jù. Ẹ má wọ agbo ilé pẹ̀lú ráǹkì. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí bàbá kú ìjókòó, nígbà tó bá sì bèèrè pé "Ọmọ ta ni ẹ́?", ẹ dárúkọ agbo ilé yín. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ fóònù tó ń gba ohùn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ títí kó fi dákẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi í pé: "Bàbá, ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ?" Àgbà ilé máa ń fi ìgbà ọba ka ọjọ́: "láyé Ọba báyìí". Bó bá ní "lọ́dún 1840", inú ìwé tàbí ilé ẹ̀kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ẹ sàmì sí i. Ẹ ní kí obìnrin ilé ki oríkì agbo ilé náà. Ohun tí ìdílé kò ní fẹ́ sọ, pé ẹrú ni baba ńlá wọn tàbí pé ibòmíràn ló ti wá, oríkì lè sọ ọ́. Ó kéré tán agbo ilé mẹ́ta, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun tàbí tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ wọn. Wákàtí kan ohùn máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹ ṣọ́ra fún ère. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ère ńlá tí àlejò ń yà níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ Austria ni, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó kú ní 2009. Ẹni tó bá kọ pé ère wọ̀nyẹn ti wà láyé Lárọ̀óyè, ọba tó tẹ Òṣogbo dó, ti ba orí ìwé kan jẹ́.

Àṣà bárékè tó ń ba tíísìsì jẹ́ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni kíkọ ọ́ bí ìròyìn fún ọ̀gá: kúkúrú, ó dájú, kò sí ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Olùdánwò fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti rí i àti ẹni tó sọ òmíràn. Èkejì ni mímú ohun tí ẹ rí lẹ́nu iṣẹ́ wọnú ìwé. Òfin àṣírí ìjọba kò fẹ̀yìntì pẹ̀lú yín. Fáìlì tí ìta kò lè rí, ẹ má tọ́ka sí i.

Nínú kíláàsì, kọ́ọ̀sì unit mẹ́ta jẹ́ wákàtí 45 láàárín ọ̀sẹ̀ 15. Ológun tí kò ní ju ìtàn ogun rẹ̀ lọ yóò ti sọ ọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ pín àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ 15 náà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì, torí yóò wáyé. Olórí ẹ̀ka yín lè kéré sí àkọ́bí yín. Ọ̀gá ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Lórí àpilẹ̀kọ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ẹ yọ "Kọ́nẹ́ẹ̀lì" kúrò níwájú orúkọ. Inú CV ni ráǹkì ń gbé, lábẹ́ ibi iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá.