Ẹja Wo Ló Yẹ Táǹkì Kékeré Tó Ní Ewéko?

Ká ní táǹkì yín gba lítà 60. Ẹ má wo bí ẹja ṣe kéré nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ẹ béèrè bó ṣe máa tóbi tó. Ẹja Plecostomus tó gùn bí ìka lónìí lè di 30 cm. Goldfish ńkọ́? Á jẹ ewéko yín tán.

Kí ẹja kankan tó wọlé, ẹ jẹ́ kí fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi) ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ẹ máa jẹ́ kí oúnjẹ ẹja díẹ̀ jẹrà nínú omi náà, kí bakitéríà tó ń pa májèlé omi run lè gbèrú nínú fílítà. Ìgbà tí amóníà àti nitrite, ìyẹn májèlé tí ìjẹrà yẹn ń fà, bá di 0 lẹ tó lè rajà. Omi tó mọ́ gaara lójú ṣì lè pa ẹja.

Neon tetra, ẹja kékeré tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́, 8 nínú wọn dára ní omi 24°C. Ẹ má ra 3, ìbẹ̀rù ni wọ́n á fi máa sá pamọ́. Nísàlẹ̀, ẹ fi ẹja kékeré tó ń jẹ́ Corydoras pygmaeus 6 sórí iyanrìn múlọ́múlọ́. Òkúta mímú máa ń ba irùngbọ̀n wọn jẹ́.

Ẹ fẹ́ ẹja ilé wa? Fundulopanchax gardneri wà nínú odò Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù: akọ 1, abo 2 tàbí 3. Afòfẹ́ẹ̀rẹ̀ ni o! Ihò tí wáyà gbà wọlé tó fún un láti fò jáde, ẹ fi fóòmù dí i.

Lọ́jà, bí ẹja kan bá ní àmì funfun bí iyọ̀ lára, ẹ fi gbogbo táǹkì yẹn sílẹ̀. Omi kan náà ni gbogbo wọn wà.