Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ìrìn ìṣẹ́jú 6 fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró

Èyí tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ní apá kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń sọ níhìn-ín. Nínú òpójẹ̀ tí ó ti inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni èyí wà: òpójẹ̀ náà ti fún, apá ọ̀tún ọkàn sì ń ṣe làálàá kí ẹ̀jẹ̀ tó lè kọjá. Bí aláìsàn bá jókòó, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí ó bá ń rìn ni ọ̀rọ̀ máa ń hàn. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ìrìn ìṣẹ́jú 6, èyí tí a fi ń wọn iye mítà tí aláìsàn lè rìn láàárín ìṣẹ́jú 6. American Thoracic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 2002.

Ẹ wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ títẹ́jú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30, tí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sàmì sí ilẹ̀ ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì gbé nǹkan sí ìpẹ̀kun méjèèjì níbi tí aláìsàn yóò ti máa yípo. Bí ọ̀nà bá kúrú, yíyípo lemọ́lemọ́ yóò jẹ nínú àkókò rẹ̀.

Kí aláìsàn lo oògùn rẹ̀ bí ó ti ń lò ó, kí ó wọ bàtà tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ó bá ń fi ọ̀pá rìn, kí ó mú un dání. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ orí ìka wo ọ́síjìn rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí ìjókòó, tàbí tí ìfúnpá apá bá ju 180/100 lọ, dókítà ni yóò sọ bóyá kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìkọlù ọkàn láàárín oṣù kan sẹ́yìn kò gbọdọ̀ rìn ín rárá. Kí ó tó dìde, kí ó fi nọ́ńbà, láti 0 dé 10, sọ bí mímí ṣe nira fún un tó.

Ẹnu ẹni tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, lójú tèmi. Gbólóhùn kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà, ni kí ẹ máa sọ bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bá ti pé: “Màmá, ẹ ń ṣe dáadáa, ó ku ìṣẹ́jú 5.” Ẹ má sọ pé kí wọ́n yára. Bí ọmọ wọn bá ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó. Ẹ má bá wọn rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, nítorí ìṣísẹ̀ yín ni wọn yóò máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá fara ti ògiri láti sinmi, kò burú, ṣùgbọ́n aago kò ní dúró.

Ẹ dá ìrìn náà dúró lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, bí ẹsẹ̀ wọn kò bá ranlẹ̀ mọ́, tàbí tí ọ́síjìn bá lọ sísàlẹ̀ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Dídákú kì í ṣe ohun àjèjì nínú àìsàn yìí, nítorí náà kí àga àti ọ́síjìn wà nítòsí.

Bí ìṣẹ́jú 6 bá pé, ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n dúró sí, kí ẹ gbé àga lọ bá wọn níbẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè nọ́ńbà mímí náà. Ẹni tí ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já nígbà 11, tí ó sì tún rin mítà 17 lé e, ti rin mítà 347. Nínú ìlànà tí European Society of Cardiology àti European Respiratory Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró ní Yúróòpù, jọ gbé jáde ní ọdún 2022, ohun tí ó ju mítà 440 lọ wà lára àmì pé ewu kò pọ̀, ohun tí kò sì tó 165 wà lára àmì ewu ńlá. Orúnkún tí ń dunni náà lè dín mítà kù, nítorí náà ẹ kọ ọ́ mọ́ èsì. Kí ẹ kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ lò àti aago tí ẹ ṣe é sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ lè lo méjèèjì bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà wá.