Kí Ẹ Tó Gun Àkàsọ̀: Bí A Ṣe Ń So Kàmẹ́rà Aṣọ́lé Mọ́ Wi-Fi

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n gun àkàsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan nítorí kàmẹ́rà kan ṣoṣo. Wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí ihò wáyà, kí wọ́n tó rí i pé ẹ̀yìn kàmẹ́rà ni àmì QR tí fóònù gbọ́dọ̀ kà wà, ẹ̀yìn ọ̀hún sì ti lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà, orí tábìlì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ sínú fóònù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, kí ẹ fún un ní iná.

Áàpù tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ gbà sórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ á máa sọ ohun tó kàn. Bí kàmẹ́rà bá kọ̀ tí kò so, ẹ má tíì gbé e padà fún ẹni tó tà á. Oríṣi Wi-Fi méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà ń gbé jáde, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ọ̀pọ̀ kàmẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n gbọ́, wọn ò gbọ́ 5 GHz rárá. Ẹ fún méjèèjì lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ráútà, kí ẹ sì so fóònù àti kàmẹ́rà mọ́ 2.4. Òun náà ló máa ń la ògiri kọjá jù.

Ẹ wo aago kàmẹ́rà. GMT+1 ni tiwa. Èyí tó bá ṣì ń lo aago Ṣáínà á fi wákàtí méje ṣáájú, olè tó wọlé ní aago méjì òru á wá dà bí àlejò tó wá kí yín ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣínà, tí àwa ń pè ní mot de passe, lohun tó máa ń dá èmi àti àwọn ènìyàn pọ̀ jà. “Ta ni yóò wá wo àgbàlá mi?” Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo àgbàlá yín, kàmẹ́rà yín gan-an ni wọ́n fẹ́ lò. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń kanlẹ̀kùn kàmẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ aṣínà bí ọgọ́ta tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sínú ẹ̀rọ, irú admin àti 123456, ló ń dán wò, ẹ̀rọ tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó jọ kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń júwe ọ̀nà àwọn ìkànnì fún kọ̀ǹpútà, títí Twitter àti Netflix fi kọ̀ tí wọn ò ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Béèyàn bá pa kàmẹ́rà tó sì tún un tàn, Mirai á kúrò. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà dé.

Ẹ yí i padà lórí tábìlì yẹn, kí ẹ tó mu omi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan lèmi ń lò, láìfi àmì ohùn sí i, nọ́ńbà méjì á sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òwe, gbogbo ilé ló mọ òwe. Kì í sì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ fi ń gba owó lórí fóònù. Inú ìwé tó wà nínú àpótí ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo ti rí ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ tiẹ̀ sára ògiri lókè ráútà. Bó bá jẹ́ oníṣẹ́ ló bá yín ṣe é, ẹ dúpẹ́, ẹ sanwó, kó sì tó dé títì, kí ẹ ti yí i. Ọmọ tó wà ní Kútọnu tó fẹ́ máa wo ilé, ẹ pín kàmẹ́rà fún un nínú áàpù; ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ ṣí port nínú ráútà, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ará ìta lè gbà wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀ fún un.

Bí ẹ bá ń wò ó ní mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí kan á jẹ dátà tó 450 MB. Ẹ jẹ́ kó máa gbà á sórí káàdì mẹ́mọ́rì, kí ẹ máa wo èyí tó bá ṣe pàtàkì. Lórí ìwọ̀n yẹn, káàdì 64 GB á gbé tó ọjọ́ márùn-ún kó tó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ sá fún káàdì 512 GB tówó rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀pà, ayédèrú ló sábà máa ń jẹ́.

Ó wá ku àkàsọ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tiyín, kì í ṣe balùwẹ̀ ará ilé kejì. Ibi tí wáyà kàmẹ́rà ti pàdé wáyà iná ni òjò ń bà jẹ́: ike máyónéèsì tó ti tán ni mo ń dojú rẹ̀ dé e, mo sì ń jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ògiri, kí omi lè kán sílẹ̀. Bíná bá lọ, tí ráútà kú, fóònù yín ò ní rí nǹkan kan. Bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà àti kàmẹ́rà ni kí ẹ rà, kí ẹ má so bátìrì alùpùpù mọ́ ọn.

Lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan rìn kọjá níwájú rẹ̀, kí ẹ máa wò ó lórí fóònù. Bí kàmẹ́rà bá ń pariwo lóru tí kò sẹ́nì kankan, ẹ mú ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn jáde: iná rẹ̀ tí ojú wa ò rí ń pe kòkòrò, aláǹtakùn sì ti ta okùn sí i lójú.