Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífi òdòdó onípépà ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi

Oṣù Keje ni ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sábà máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, nígbà tí sáà kẹta bá ń parí lọ, oṣù yìí kan náà sì ni òjò máa ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ òjò ṣáájú nítorí pé bí òdòdó onípépà bá bàjẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ti ògiri àti ti ojú ọjọ́ ni. Olùkọ́ á fi ọ̀sẹ̀ méjì gé e, á ká a, á lẹ̀ ẹ́, òdòdó náà á sì dára lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò ní wo ògiri tí ó fẹ́ gbé e sí títí ọjọ́ ayẹyẹ yóò fi ku ọ̀la.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, a lẹ òdòdó ńláńlá méjìlá mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Sẹ́lótéèpù lásán ni a lò, a ká a bí òrùka sẹ́yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, méje ti wà nílẹ̀, ọ̀kan sì ń fì dirodiro lórí ewé kan ṣoṣo bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ kan. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tí ó já bọ́, mo yí i padà, mo sì rí i pé sẹ́lótéèpù náà ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ pépà. Ohun funfun kan bí àtíkè ni ó bo ojú rẹ̀ kejì, ìyẹn ọ̀dà ara ògiri. Sẹ́lótéèpù kò jáwọ́; ògiri ni ó bó.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ògiri kí n tó ra pépà rárá. Bí ògiri bá fi ẹfun sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí téèpù kankan, nítorí kò sí èyí tí yóò dúró níbẹ̀. Ẹ ta aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ kan láti orí ìṣó méjì, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú so àwọn òdòdó náà mọ́ aṣọ. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà tí ń dán kùn ṣeé lẹ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n eruku àti òróró ọwọ́ àwọn ọmọdé máa ń wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi àkísà tí ó ní ọṣẹ díẹ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó lo téèpù onífóòmù tí ń lẹ̀ níhà méjèèjì. Ògiri tí a kò rẹ́ dan kò gba nǹkan mìíràn ju ìṣó àti okùn lọ. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé òdòdó tí ó wúwo jù kọ́ sára rẹ̀ wò, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó sàn kí ẹyọ kan já lójú yín ju kí gbogbo rẹ̀ já lójú òbí lọ.

Àwọn kan máa ń gbàgbé pé òdòdó ńlá nílò ẹ̀yìn tí ó le. Ẹ gé páálí tí wọ́n fi kó Indomie ní róbótó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn òdòdó, kí ẹ sì lu ihò méjì sí i fún okùn. Ẹ tún ronú nípa fáànù. Ewé òdòdó máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wa sì mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí iná bá dé láìròtẹ́lẹ̀ láàárín ètò, tí gbogbo fáànù inú gbọ̀ngàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Pépà fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe tí ó kàn. Pépà A4 tí a fi ń ṣe fọ́tòkópì, tí wọ́n kọ 80gsm (ìwọ̀n bí pépà ṣe wúwo tó) sára ìdì rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò nítorí pé òun ni ó wà nítòsí. Ó dára fún òdòdó kékeré tí kò ju àwo ìjẹun lọ, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣe òdòdó ńlá ní àkókò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ewé rẹ̀ á sì rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Èyí tí wọ́n kọ 160gsm tàbí 180gsm sí lára ni ó yẹ òdòdó ńlá. Ẹ má sì rò pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe dára tó, nítorí káádíbọ́ọ̀dù tí ó le jù kì í ká. Ṣe ni ó máa ń sán níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ funfun á sì máa hàn bí ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Èkó lè béèrè pépà àjẹkù lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, kí ó ṣáà yẹra fún èyí tí ń dán, nítorí pé gọ́ọ̀mù olómi kì í mú un dáadáa. Ní ti pépà rírọ̀ tí ó ní ìhunjọ lára, tí wọ́n ń pè ní crepe, ẹ jìnnà sí i bí òrùlé yín bá ń jò. Bí omi bá kàn án, àró rẹ̀ á ṣàn, mo sì ti rí ìbọ̀sẹ̀ funfun ọmọ kan tí ó di aláwọ̀ osùn lójú ìyá rẹ̀.

Níbi gígé, ìkánjú ni ó máa ń fa wàhálà. A máa ń kó pépà mẹ́wàá lé ara wọn, a ó sì fi àlùmọ́gàjí tí kò mú gé wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pépà á yọ̀ lábẹ́ ọwọ́, ti ìsàlẹ̀ á sì kéré ju ti òkè lọ. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ìgbà kan. Ẹ kọ́kọ́ gé pátánù láti ara páálí bí télọ̀ ṣe ń ṣe, kí ẹ sì máa fi pátánù náà wọn gbogbo rẹ̀; ẹ má ṣe fi ewé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn èyí tí ó kàn, nítorí àlékún kékeré ìgbà kọ̀ọ̀kan á máa gorí ara wọn títí tí ewé ìkẹyìn yóò fi dàbí ọmọ bàbá mìíràn.

Ibi tí òdòdó ti ń di òdòdó gan-an ni ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí àṣìṣe jù. Bí a bá lẹ ewé pẹlẹbẹ mọ́ páálí bẹ́ẹ̀, ohun tí a ṣe kò ní yàtọ̀ sí ìràwọ̀ tí ó tẹ́ sára ògiri. Ẹ la ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí íńṣì méjì, kí ẹ fa etí kan gorí èkejì, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò di kòtò bí ìkòkò ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bírò ká etí òkè rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ tó tò ó. Ewé mẹ́jọ ni mo máa ń tò síta, mẹ́fà sí àárín, márùn-ún sínú, ewé ìlà kejì sì gbọ́dọ̀ jókòó sí àlàfo tí ó wà láàárín ewé méjì ti ìlà àkọ́kọ́, nítorí bí wọ́n bá gun ara wọn ní ọ̀gbọọgba, iṣẹ́ ìlà kan ti ṣòfò.

Glue gun, ìyẹn ìbọn tí ń yọ́ gọ́ọ̀mù, yá ju gọ́ọ̀mù olómi lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ òdòdó mọ́ ògiri tààrà, nítorí ọ̀dà yóò bá a wá ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, alága ẹgbẹ́ òbí á sì béèrè ẹni tí yóò san owó ọ̀dà. Ẹ má sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, torí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà, èyí tí mo fara mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fún tíṣù aláwọ̀ di kókó fún àárín òdòdó.

Nísinsìnyí, ẹ wo gíga. Àgbà ni ó ń gun àga kọ́ òdòdó, nítorí náà ibi tí ojú àgbà mú ni ó máa ń gbé e sí. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í sábà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, òdòdó á wà lókè réré, ọmọ á sì dúró síwájú ògiri òfìfo. Ẹ pe ọmọ kan wá, kí ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà orí rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òdòdó láti ìbàdí rẹ̀ lọ sókè. Ẹ gbé aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà kí ẹ tó rà á, nítorí ọmọ tí ó wọ aṣọ búlúù síwájú òdòdó búlúù á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ wọn sáàárín òdòdó, ẹ wò ó nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i, nítorí ìyá tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọlá kò fẹ́ rí Ola.

Tí ẹ bá ṣe òdòdó náà sílẹ̀ de ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má tò ó lé ara wọn sínú Ghana-must-go, àfi bí ẹ bá fẹ́ padà ká gbogbo ewé rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ gbé wọn dúró sínú páálí gíga, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so wọ́n, nítorí pé bí ètò bá ti parí, àwọn ọmọ á fà wọ́n yọ gbé lọ sílé.