Bí mo ṣe borí ìdààmú àṣà àjèjì lẹ́nu iṣẹ́ míṣọ́n

Nígbà tí mo dé ilẹ̀ àjèjì tí mo ti lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí gbogbo nǹkan fi ń bí mi nínú: bí àwọn onílé ṣe ń kíni, bí ìsìn ṣe ń lọ, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Oorun dá lójú mi. Àwọn kan ní kí n gba ààwẹ̀ sí i. Àdúrà dára, àmọ́ èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èṣù rárá. Onímọ̀ kan, Kalervo Oberg, kọ̀wé nípa ìdààmú àṣà àjèjì ní 1960: ìdùnnú ló ń ṣáájú, ìnira á tẹ̀ lé e, kí nǹkan tó mọ́ni lára. Nígbà tí mo mọ èyí, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìwé kékeré kan ló ṣiṣẹ́ jù. Mo pín ojú ewé sí méjì: ohun tí mo rí gan-an lápá kan, ìtumọ̀ tí mo fún un lápá kejì. "Wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn ìwàásù" wà lápá kìíní. "Ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ wọ́n létí" wà lápá kejì. Mo wá ń gbé e lọ bá àgbà kan nínú ìjọ ibẹ̀ tí ìbéèrè kì í sú. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ mi ló fagi lé. Ó ní ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe àìgbọ́: wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ náà ni!

Mo tún dín ìpè sílé kù, mo sì yẹra fún ìjókòó alẹ́ tí àwa àlejò fi ń ṣàríwísí àwọn onílé. Ìjókòó yẹn ló ń dá kún ìdààmú náà jù.

Ẹ tọ́jú ìwé náà o. Ẹ ó tún nílò rẹ̀ tí ẹ bá padà sílé, torí ilé pàápàá lè wá dà bí ilẹ̀ àjèjì.