Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ fọn díẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ọmọ Èkìtì tó wà ní Ìlú Ọba

Nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, bí ara ẹni tó ti ìrìnàjò dé bá kún, "ayé yẹ ọ́" ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyí tó fi ń dun ọ̀pọ̀ wa bí nọ́ọ̀sì bá gbé wa sórí ìwọ̀n, tó ní a ti sanra jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí èébú. BMI (iye tí wọ́n ń fi bí ẹni ṣe wúwo sí àti bó ṣe ga sí ṣírò) tó bá tó 30 ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù fún òyìnbó, ṣùgbọ́n 27.5 ni tàwa aláwọ̀ dúdú, torí àtọ̀gbẹ máa ń tètè mú wa jù wọ́n lọ.

Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP (dókítà àdúgbò), kó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹ ò ní ẹ̀rí àdírẹ́sì lé yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ fọn wà ládùúgbò tí wọ́n lè kọ̀wé rán yín lọ. Níbi púpọ̀, wọ́n ń bá yín san owó ẹgbẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ má retí dókítà níbẹ̀. Ẹni tó ti sanra rí, tó sì ti fọn, ló sábà máa ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú tiwa, ìwé oúnjẹ tí wọ́n pín kún fún ànàmọ́ òyìnbó àti búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bo iyán mọ́ra. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo di ọ̀kan sínú ọ̀rá (póńdò ni o, kì í ṣe ti inú odó), irú èyí tí mò ń jẹ láàárọ̀ tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Màmá tó ń darí wa gbé e lórí ìwọ̀n: gíráàmù 850. Kò bú mi. Ó ní kí n pín in sí méjì. Arákùnrin kan tóun náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wá bi mí pé, "Ṣé ẹ máa ń sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán?" Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí dókítà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń jẹ oúnjẹ gidi báyìí, ní ìsinmi òru, ọbẹ̀ díẹ̀ lòun ń fi panu nílé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún GP kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí wọ́n lè ní láti dín oògùn náà kù pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ ráyè ìpàdé, NHS (iléeṣẹ́ ìlera ìjọba) ní ètò ọ̀sẹ̀ 12 lórí fóònù fún ẹni tó sanra jù tó sì ní ọ̀kan nínú àìsàn méjèèjì yìí. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ GP kan náà.